Ẹ̀jẹ́ Tí Mo Jẹ́ Lórí Rẹ

Douala,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ bàbá rẹ,

Jókòó kí o tó ka lẹ́tà yìí. Má kà á lórí ìdúró, má sì kà á nínú takisí. Mo mọ̀ pé Yorùbá rẹ ń tiro díẹ̀. Douala la bí ọ sí, àwa òbí rẹ náà ò sì jókòó kọ́ ọ bó ṣe yẹ. Torí náà, máa kà á sókè, wàá rí i pé yóò yé ọ. Èyí tí kò bá yé ọ, pe ìyá rẹ. Má pè mí o, ẹ̀rín ni màá máa fi ọ́ rín.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé ni pé, tí a bá ti gbé fóònù, ìwọ á máa sọ̀rọ̀, èmi á máa pariwo, ìyá rẹ á gba fóònù lọ́wọ́ mi, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ á parí sí. Ọ̀rọ̀ tòní gùn, mi ò sì fẹ́ kó já lágbede méjì. Ọkọ̀ òwúrọ̀ ọ̀la ni màá fi í rán sí ọ ní Yaoundé, kó lè dé ọwọ́ rẹ kí ọjọ́ Ẹtì tó pé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, o pè wá, o ní wọ́n ti fún ọ níṣẹ́ lórí afárá tuntun kan tí wọ́n fẹ́ kọ́ ní ìhà Garoua. O ní ọjọ́ Ẹtì yìí lo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn á gbé e fún ẹlòmíràn. Mo fò sókè! Mo ti la ẹnu láti kọrin, àfi bí mo ṣe gbọ́ tí ò ń sunkún. O ní: "Pàpá, mo máa pé ọgbọ̀n ọdún lọ́dún yìí. Ẹ̀jẹ́ yẹn ńkọ́? Tí mo bá lọ ṣe iṣẹ́ yìí, ṣé Ọlọ́run ò ní gba ẹ̀mí mi padà?"

Háà! Àbẹ̀kẹ́! Ṣe ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, ẹnjiníà gidi, tí àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n ń pè ní ọ̀gá, ló ń bẹ̀rù pé Ọlọ́run yóò pa òun nítorí afárá. Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Èmi ni. Ta ni ká fẹjọ́ sùn fún?

Kí ọkàn rẹ má bàa máa lù kìkì títí dé òpin ìwé yìí, jẹ́ kí n ti sọ ọ́ báyìí: ẹ̀jẹ́ náà ò sí lórí rẹ. Kò sí lórí rẹ rí. Ara tù mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó dà bíi pé mo sọ ẹrù kalẹ̀ lórí. Ó kù kí n ṣàlàyé bí mo ṣe mọ̀.

O ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu mi tó ogún ìgbà, ṣùgbọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí apá kan wà níbẹ̀ tí èmi gan-an ò mọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ yìí. O ò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ibà mú ọ, ó di gìrì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko lo fi wà ní ọsibítù, tí ojú rẹ ń yí, tí ara rẹ gbóná bí iná. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo fi ìwọ àti ìyá rẹ sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ sí pọ́ọ̀tù láti gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Nígbà tí mo ṣe tán, ẹsẹ̀ mi ò gbà mí padà. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá débẹ̀, màá bá ìyá rẹ tó ń yí ilẹ̀. Ojo ni mí lọ́jọ́ náà, mi ò ní pè é ní nǹkan mìíràn. Mo yà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbọ́ tí aago ilé ìwé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ lu agogo méjì ọ̀sán. Mo wólẹ̀ níwájú pẹpẹ, mo ní: "Olúwa, tí o bá fi ọmọ yìí sílẹ̀ fún mi, tìrẹ ni. Tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún, kò ní ṣe iṣẹ́ ayé kankan mọ́, inú ilé rẹ ni yóò ti máa ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, gba ẹ̀mí tí o fún un padà."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, kò sẹ́ni tó ní kí n sọ ọ́. Ẹnu ara mi ló sọ ọ́.

Mo dé ọsibítù, mo bá ọ lórí itan ìyá rẹ, ojú rẹ là kedere, ò ń fa ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. Mo kígbe, mo ní, "Ọlọ́run ti gbọ́ ẹ̀jẹ́ mi!" Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, mo jẹ́rìí níwájú ìjọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè ọ́ ní "ọmọ ẹ̀jẹ́". Inú mi ń dùn sí orúkọ yẹn, mi ò mọ̀ pé ìwọ ń gbọ́ nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ìwọ gan-an ni tèmi bà, Àbẹ̀kẹ́.

Wọ́n tún ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Jẹ́ kí n fi kòtò mi hàn ọ́ dáadáa.

Ẹni tó bá ti ń gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù fún àwọn èèyàn, bí mo ṣe ti ń ṣe é láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ nígbà tí nǹkan bá rọrùn. Tí àwọn dùwáànù, ìyẹn àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, bá lu ìwé rẹ lóǹtẹ̀ láì tú ẹrù rẹ wò, wàá máa wẹ̀yìn ni. Wàá máa sọ pé, "Kí ni wọ́n fi pamọ́ dè mí?" Mo wá gbé ìwà yẹn wọnú àdúrà. Ọlọ́run di ọ̀gá dùwáànù lójú mi. Tó bá ṣe oore fún mi, mo máa ń dúró de ìgbà tí yóò pè mí padà.

Ṣé o rántí Màmá Délé, opó tó ń ránṣọ, tó máa ń fún ọ ní àjákù aṣọ láti fi ṣe bèbí? Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́fà dé fún un láti òkè òkun, ó ní kí n bá òun gbà wọ́n jáde. Iṣẹ́ tí mo rò pé yóò gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ Ajé kan ṣoṣo ló gbà. Dípò kí n ránṣẹ́ pe obìnrin náà, mo ní ó ti rọrùn jù, ọ̀tá ń pète nǹkan. Mo kó ẹ̀rọ sábẹ́ tapólì, mo bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Òjò Douala, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, kò bìkítà fún ẹni tó ń gbààwẹ̀. Tapólì ya, omi wọlé, ẹ̀rọ méjì dógùn-ún. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Màmá Délé, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní: "Bùrọ̀dá, Ọlọ́run ti ṣe tirẹ̀ tán lọ́jọ́ Ajé. Kí lẹ tún ń bẹ̀ ẹ́ fún títí di Ọjọ́bọ̀?"

Mo san owó àtúnṣe ẹ̀rọ méjèèjì, ṣùgbọ́n mi ò kọ́gbọ́n tó yẹ kí n kọ́. Ìwọ kọ́ ọ bá mi: tí Ọlọ́run bá fún ọ ní ohun rere, gbà á. Fi ọwọ́ méjèèjì gbà á bí a ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, kúnlẹ̀, dúpẹ́, kí o sì lò ó. Má máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún láti wò bóyá ìwọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ẹni kì í fi ìwọ̀ sínú oúnjẹ ẹni.

Kòtò kejì yìí ló ń dùn mí jù. Nígbà tí o kọ́kọ́ kùnà ìdánwò ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ẹnjiníà, o wọ yàrá tọ̀ mí wá, ojú rẹ pọ́n. Kàkà kí n gbá ọ mọ́ra, mo ní: "O ò rí i? Ọlọ́run ń rán ọ létí ẹ̀jẹ́ ni." O kàn rọra pa ilẹ̀kùn dé. Àbẹ̀kẹ́, irọ́ ni mo pa mọ́ Ọlọ́run lọ́jọ́ yẹn! Òótọ́ ibẹ̀ ni pé o ò ka ìṣirò rẹ, fóònù tuntun tí ìyá rẹ rà fún ọ lo tẹ̀ mọ́jú. Ẹ̀bi fóònù ni mo gbé lé Ọlọ́run lórí. Lọ́dún kejì, o kàwé, o yege, mi ò sì wá sọ fún ọ pé ohun tí mo sọ kò rí bẹ́ẹ̀.

Nílẹ̀ wa, bàbá kì í sábà bẹ ọmọ. Èmi bẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, foríjì mí, ọmọ mi.

Wàhálà á dé ní Garoua o. Oòrùn ibẹ̀ nìkan tó wàhálà, ká má tíì sọ ti àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ní fẹ́ kí obìnrin pàṣẹ fún wọn. Ọjọ́ kan lè wà tí ìwọ̀n tí o wọ̀n kò ní bọ́ sí i, tí ọ̀gá rẹ á jágbe mọ́ ọ. Lọ́jọ́ yẹn, má sọ pé Ọlọ́run ti dé pẹ̀lú pàṣán. Mi ò ní tàn ọ́ pé ẹni tí Ọlọ́run fẹ́ràn kì í jìyà. Ìyá mi fẹ́ràn Ọlọ́run, ó sì ṣàìsàn títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n orí ibùsùn yẹn náà ló ti ń pe Ọlọ́run ní "Bàbá mi" bí ẹni tó ń bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tí nǹkan bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí o sá lọ. Èmi máa ń sá fún un ni, ibi tí mo sì sá dé kò dára.

Ó tún ku èyí. Nígbà tí o wà ní kékeré, tí o bá ti ilé ìwé dé, o kì í béèrè bóyá oúnjẹ wà. Ṣe lo máa fọwọ́, wàá jókòó, wàá máa fi ṣíbí lu àwo. Ìyá rẹ á ní, "Ẹ wo ọmọ tí kò lójútì yìí!" Inú rẹ̀ á sì máa dùn ṣìnkìn. Bẹ́ẹ̀ ni kí o máa ṣe sí Ọlọ́run. Máa retí rẹ̀. Lówùúrọ̀, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹ̀ṣẹ̀ àná kalẹ̀, kọ́kọ́ sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi. Kí la fẹ́ ṣe lónìí?" Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́rú ni. Ó ṣòro díẹ̀ lẹ́nu mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bíi bàtà tuntun. Ó ti ń rọ̀ báyìí.

Wàá ní, kí ló wá yí bàbá òun padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan? Ìyá rẹ ni.

Bí o ṣe gbé fóònù sílẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó bú sẹ́kún. Ó ní kí n jókòó. Mo ní, "Ṣé o ò rí i pé mo ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?" Ó ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, aago mélòó lẹ ní ẹ jẹ́ ẹ̀jẹ́ yẹn?" Mo ní gbogbo ìjọ mọ̀ ọ́n, agogo méjì ọ̀sán. Ó nu ojú, ó ní, "Ọmọ ti mu ògì kó tó di agogo méjìlá."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀ lo lajú, ara rẹ ti tutù, o ní "omi". Nọ́ọ̀sì wá wò ọ́, ó ní ewu ti kọjá. Obìnrin tó wà ní ibùsùn kejì ló fún yín ní ògì. O mu ife kan tán, o tún na ife sí i pé kó bu kún un. Gbogbo ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá mi ní pọ́ọ̀tù.

"Kí ló dé tí o ò fi sọ fún mi?"

"Ṣé ẹ fún mi láàyè ni?" Ìyá rẹ náà ti ń gbóná. "Ẹ wọlé, ariwo ẹ̀jẹ́ lẹ̀ ń pa. Ẹ ti sọ fún pásítọ̀ kí ẹ tó dé. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ti wà níwájú ìjọ, gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ṣé kí n dìde kí n ní ọkọ mi ò mọ ohun tó ń sọ? Mo ní màá sọ ọ́ lọ́la. Lọ́la, lọ́la, ó di ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo rò pé ọmọ ti gbàgbé ni. Mi ò mọ̀ pé ó ń ka ọjọ́."

Mo bínú. O mọ̀ mí, mo bínú gan-an. Mo jáde síta, mo ń rìn, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ, títí mo fi bá ara mi ní Bonapriso, àdúgbò àwọn olówó, níbi tí kò sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rìn, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ń wò mí bí olè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Tí ọmọ bá ti mu ògì kí n tó kúnlẹ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀jẹ́ mi ló mú un lára dá. A jẹ́ pé nígbà tí mo ń ná ọjà níwájú pẹpẹ, tí mo ń fi ẹ̀mí ọmọ mi dúnàá-dúrà, Ọlọ́run ti ṣe é tán láti àárọ̀. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó kàn fẹ́ràn rẹ ni. Ó fẹ́ràn èmi ojo náà. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fi Jésù fún wa nígbà tí a ò tíì mọ̀ pé ó yẹ ká bẹ̀bẹ̀. Mo ti ń kọ ọ́ lórin láti kékeré, àfi ìgbà tí mo dé Bonapriso kó tó yé mi! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lójú títì, omi ń dà lójú mi. Ẹ̀ṣọ́ kan sáré wá, ó ní, "Papa, ça va?" Ó rò pé ara mi ò yá. Mo ní, "Ça va, ọmọ mi. Ça va gan-an ni."

Mo padà sílé, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ, òun náà tọrọ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n bá òun tọrọ lọ́wọ́ rẹ, pé òun á pè ọ́ fúnra òun.

Lánàá, mo lọ bá pásítọ̀. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, mo wá ní, "Ẹ jẹ́ kí èmi mú ẹ̀jẹ́ náà ṣẹ dípò ọmọ. Màá fi pọ́ọ̀tù sílẹ̀, màá máa gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì títí màá fi kú." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Alàgbà, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀! Tó bá wù yín láti gbálẹ̀, ẹ gbá a nítorí pé ilẹ̀ dọ̀tí." Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ lé mi léjìká, ó ní kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀mí ẹlòmíràn jẹ́jẹ̀ẹ́, pé kí n tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ ẹnu mi kí n sì jẹ́ kí ọmọ máa lọ. A kúnlẹ̀, a gbàdúrà, kò gùn rárá.

Lónìí, mo dìde níwájú ìjọ kan náà, mo tún ẹ̀rí mi jẹ́. Mo sọ ti ògì. Mo sọ ti aago. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má pè ọ́ ní ọmọ ẹ̀jẹ́ mọ́ láyé. Ojú ń tì mí, mi ò ní purọ́. Lẹ́yìn náà, Màmá Délé bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ láti ẹ̀yìn, àwọn yòókù sì bá a pa á.

Ọjọ́ Ẹtì ń bọ̀. Mi ò ní kí o lọ, mi ò ní kí o má lọ, ẹnu mi ti sọ̀rọ̀ jù lórí ayé rẹ. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìwàásù ló wù ọ́ látọkàn wá, lọ, èmi ni màá gbé ẹrù rẹ dé ẹnu ọ̀nà. Tó bá jẹ́ afárá ni, kọ́ ọ kó dúró dáadáa, kí àwọn aláboyún lè gba orí rẹ̀ dé ọsibítù nígbà òjò, ìyẹn náà jẹ́ iṣẹ́ Ọlọ́run. Èyí tí mi ò fẹ́ ni kí o fi ìbẹ̀rù mú ọ̀kankan nínú méjèèjì. Lọ́jọ́ tí o bá pé ọgbọ̀n ọdún, má dùbúlẹ̀ sí yàrá kí o máa dúró de ohun tí kò bọ̀. Wọ aṣọ tó dára, pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, jẹun.

Ọlọ́run kò fi ọ́ yá wa, Àbẹ̀kẹ́. Ó fi ọ́ fún wa ni.

Bàbá rẹ.